Obìnrin Tó Di Ìjánu Ẹṣin Láwọyin Mú

Ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n kọ nípa obìnrin náà. Èmi ni mo kà wọ́n sétí àwọn ènìyàn ní Ìkìrun, mo sì mọ̀ wọ́n lórí títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti filé sílẹ̀, tí òtútù Jọ́ọ̀sì sì ti mú mi gbàgbé orúkọ púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ṣe kékeré.

"Obìnrin kan wà lẹ́nu ibodè tó ń bó ẹ̀gúsí. Láwọyin fi ìjánu ẹṣin lé e lọ́wọ́, ó ní, 'Ẹ bá mi dì í mú, mo ń bọ̀.' Obìnrin náà gbà á."

Ó tán. Wọn kò dárúkọ rẹ̀. Wọn kò sọ bó ga tàbí bó kúrú, tàbí ẹni tó fẹ́ bá a jẹ ẹ̀gúsí náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọmọ ìsinsìnyí lè máà mọ bí a ṣe ń ka ìwé nígbà náà. Tíṣà kan wà ní Òkukù tó ń jẹ́ Oyèlárán. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kọ ìtàn kan sínú ìwé àjákọ, ìtàn náà kò sì tètè tán, ó gba ìwé àjákọ méje. Ìtàn Láwọyin ni. Ọba Ọyẹ́ jí òjò ìlú Láwọyin, ó gbé e pamọ́ sínú akèrègbè kan lẹ́yìn ẹnubodè méje. Láwọyin gun ẹṣin rẹ̀ tó ń jẹ́ Kòsinmi, ó ní òun ń lọ mú òjò bọ̀. Ìlú kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi ohùn ara wọn yá ara wọn. Ìlú mìíràn wà tí gbogbo ilé rẹ̀ máa ń rìn lọ sódò láàárọ̀. Ẹnubodè kẹrin ni Ìlú Aláìlójìji, níbi tí ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò ti gbọ́dọ̀ wọlé.

Bí Tíṣà bá parí ìwé kan, á fi rán awakọ̀ sí Inísà, sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń kọ lẹ́tà fún àwọn ará ìlú, Ògúnrìndé lorúkọ bàbá náà. Kò sẹ́ni tọ́wọ́ rẹ̀ gún lórí ìwé tó tirẹ̀ ní gbogbo Odò Ọ̀tìn. Bàbá á da ìwé náà kọ, á dá ti Tíṣà padà sí Òkukù, á ka tirẹ̀ fún àwọn ará Inísà, lẹ́yìn náà á wá fi í ránṣẹ́ sí wa ní Ìkìrun. Èmi ni mo ń kà á fún tiwa. Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni mí nígbà náà, Mísì ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti jẹun tán, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Àtọ́kẹ́, ọ̀rẹ́ mi aránṣọ, la ti máa ń pàdé. Àwọn ìyá á gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé. Àwọn mìíràn á gbé ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ ṣà dání.

Ọdún 1958, bí Àjíǹde ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, la ka ìwé keje tán. Òjò rọ̀ ní ìlú Láwọyin, Láwọyin fẹ́ ọmọ ọba, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Bọ́sẹ̀dé, tó ń ta kẹrosíìnì lójúde wa, fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀.

Ni Àtọ́kẹ́ bá ní, "Obìnrin ẹlẹ́ṣin yẹn ńkọ́?"

"Èwo ni obìnrin ẹlẹ́ṣin?" Ìyá Bọ́sẹ̀dé ló bi í.

"Èyí tí Láwọyin fún lẹ́ṣin dì mú lẹ́nu ibodè kẹrin. Ó ní òun ń bọ̀."

A ronú sẹ́yìn. Òótọ́ ni. Nígbà tí Láwọyin ń jáde ní Ìlú Aláìlójìji, ẹyẹ kan ló gbé e fò gba orí odi tó wà lódìkejì. Ẹṣin mìíràn ló gùn nínú ìwé karùn-ún.

"Ìwọ Àtọ́kẹ́," ni Ìyá Bọ́sẹ̀dé wí, "òjò tí wọ́n jí ti dé, ọkùnrin ti gbé ìyàwó, ẹṣin lò ń bèèrè. Á ti kú nígbà yẹn."

"Ẹṣin ni àbí obìnrin náà, mà?"

"Wọ́n á ti jọ kú náà ni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ náà wá di àwàdà ní àdúgbò wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń bọ̀, wọ́n á ní, "Mo ń bọ̀ ti Láwọyin ni àbí ti ènìyàn?" Kódà àlùfáà wa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì mọ ibi tó ti wá.

Àtọ́kẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, èmi sì mọ ìdí rẹ̀. Ní 1951, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Titus ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Àwọn ará ilé Titus ti wá tọrọ rẹ̀, ó ku ìdána. Ni àbúrò bàbá Titus bá ránṣẹ́ pè é sí Gòólù-Kóòsì, pé kó wá bá òun tajà ní Kùmásì. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, Titus ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tuntun wá sí ṣọ́ọ̀bù Àtọ́kẹ́. Ó ní, "Bá mi tọ́jú ẹ̀, mo ń bọ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà rẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù, ó wá ń wọlé láti ìkórè dé ìkórè, láti 1955 kò wá wọlé mọ́. Àwọn tó ń ti Kùmásì bọ̀ kò fẹnu kò. Ẹnìkan ní òun rí i, ó sanra. Ẹlòmíràn ní ó ti lọ sí òkè ọ̀hún, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Kò sẹ́ni tó ní ó ti kú, kò sì sẹ́ni tó ní ó ń bọ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Àtọ́kẹ́ fi aṣọ bò ó. Gbogbo Sátidé ló ń fi òróró sí ṣéènì, tó ń fẹ́ táyà, tó ń fi àkísà nu irin ara rẹ̀. Kò sì mọ kẹ̀kẹ́ gùn o.

Adépọ̀jù wá dé. Káfíńtà ni ní Eko-Ende, òun ló kan tábìlì tí Àtọ́kẹ́ fi ń gé aṣọ. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, bó bá ń wọn pákó, ètè rẹ̀ á máa mì bí ẹni ń gbàdúrà. Ó ránṣẹ́ pé Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde ni àwọn ènìyàn òun á wá tọrọ Àtọ́kẹ́. Bàbá Àtọ́kẹ́ pe ọmọ rẹ̀ jókòó, ó ní, "Ẹnu rẹ la ó ti gbọ́ ọ. O ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, sọ bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ Titus lò ń dúró dè, sọ ọ́ lójú wọn kí ọmọ ọlọ́mọ lọ wá tirẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀mejì fún ọ̀rọ̀ kan."

Àtọ́kẹ́ kò mọ èyí tí òun fẹ́ sọ. Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ó bá mi nílé.

"Túnráyọ̀, sìn mí lọ sí Òkukù lọ́la."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe?"

"Mo fẹ́ bi Tíṣà yẹn léèrè ohun tí obìnrin ẹlẹ́ṣin ṣe."

"Àtọ́kẹ́, ìwé ni."

"Ṣé mo ní Bíbélì ni? Mo mọ̀ pé ìwé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka eyín ẹnu Ọba Ọyẹ́ fún wa, tó ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, tó mọ èyí tó ń mì nínú wọn, ṣé á wá ní ohun tí kò mọ̀? Ọdún méje ni mo ti ń ro tèmi, mi ò rí ibì kan dé. Òun á ti rò ó dé òpin kó tó gbé gègé."

Mi ò lè dá a lẹ́bi. Bí gbogbo wa ṣe gbà á nìyẹn nígbà náà: ẹni tó bá lè kọ ọ́ sílẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. Tí mo bá sì máa sọ òótọ́, èmi náà fẹ́ mọ̀. Láti ọjọ́ tí Àtọ́kẹ́ ti bi ìbéèrè yẹn, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, obìnrin yẹn á kàn dúró sínú ọkàn mi, tòun ti ìjánu lọ́wọ́. Ṣé ó jókòó? Ta ló ń fún ẹṣin lómi? Nígbà tílẹ̀ ń ṣú, ṣé ó mú ẹṣin lọ sílé ni, àbí ilé rẹ̀ wà nínú ìlú tí ẹṣin kò gbọ́dọ̀ wọ̀?

A wọ bọ́lẹ́kájà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àpò gààrí ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀, a sì funfun díẹ̀ nígbà tí a fi máa dé Òkukù. Wọ́n júwe ilé ìwé fún wa. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ìsinmi ni, Tíṣà Oyèlárán nìkan la bá. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fi ẹ̀dú tí wọ́n gún mọ́ ewé kókò kun pátákó ìkọ̀wé. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá.

"Ẹ má bínú," ló wí, "ọwọ́ mi kò ṣeé bọ̀. Ṣé ọmọ yín ló wà níbí?"

"Rárá o, sà," ni mo wí. "Mísì ni wọ́n ń pè mí, Ìkìrun la ti wá. Àwa là ń ka ìwé Láwọyin."

Ojú ọkùnrin náà là. Ó fi ìgúnpá ti àga méjì sún mọ́ wa. "Ẹ wá láti Ìkìrun nítorí Láwọyin? Mísì, ibo ló dùn mọ́ wọn jù? Ṣé wọ́n sunkún níbi tí akèrègbè ti fọ́?"

"Wọ́n sunkún, sà. Ìyá Bọ́sẹ̀dé sunkún."

"Ẹ bá mi kí ìyá náà o. Mo mọ̀ pé wọ́n á sunkún níbẹ̀."

Àtọ́kẹ́ kò jókòó. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló gbé wa wá. Obìnrin tí Láwọyin gbé ẹṣin fún, kí ló ṣe nígbà tí Láwọyin ò padà wá?"

"Obìnrin wo?"

Mo ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó wò wá bí ẹni tí wọ́n bá ọmọ kan wá sílé pé tirẹ̀ ni.

"Mi ò kọ ọ́," ló wí.

"Ẹ kọ ọ́, sà," ni mo wí. "Ìwé kẹrin ni."

Ó wọlé, ó fi ìka méjì pere gbé ìwé kẹrin jáde kó má baà fi ẹ̀dú kùn ún, ó ní kí n ṣí i fúnra mi. Ibẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ọwọ́ Tíṣà wúruwùru: "Láwọyin so Kòsinmi mọ́ ìdí igi ọ̀dán tó wà lẹ́nu ibodè, ó sì wọlé." Kò sí obìnrin. Kò sí ẹ̀gúsí.

Àtọ́kẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹṣin ńkọ́ nígbà náà, sà? Ta ló wá tú u?"

Tíṣà wo ìwé, ó wo òrùlé. "Ó jọ pé," ló wí díẹ̀díẹ̀, "ó jọ pé mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀."

"Láti ìwé kẹrin?"

"Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́," ni Tíṣà wí. "Mò ń bá yín lọ sí Inísà. Ẹni tó fi ènìyàn sínú ìwé mi láìsọ fún mi, mo fẹ́ rí i."

Inú bí i díẹ̀ o, ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ jù lójú rẹ̀ kì í ṣe ìbínú. Nínú ọkọ̀, ó ń bi mí ṣáá pé, "Ẹ̀gúsí ló ní ó ń bó? Ẹ̀gúsí, àbí ẹ̀pà?"

Abẹ́ àtíbàbà kan nítòsí ọjà Inísà la ti bá Ògúnrìndé, pẹ̀lú tábìlì kékeré, ìgò yíǹkì méjì àti gègé tó kì bọ irun rẹ̀. Ó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, ara rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ sì mú. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ fún un tìbínú-tìbínú.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Obìnrin kan wà nínú ìwé mi."

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Obìnrin pọ̀ nínú ìwé yín."

"Èyí tó ń bó ẹ̀gúsí."

"Ẹn-ẹn," ni bàbá wí. "Tèmi nìyẹn."

Kò tilẹ̀ sẹ́. Tíṣà gbé ìwé kẹrin lé tábìlì. "Mo so ẹṣin mọ́gi, sà. Mo so ó mọ́gi, ọ̀rọ̀ parí. Kí ló dé?"

"Òun gan-an ló dé," ni bàbá wí. "Mo dà á kọ dé ibẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀. Àlejò ti ọ̀nà jínjìn dé ìlú, ó dé ẹnubodè, kò sí ẹni kan ṣoṣo tó ní ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n gbà yín lẹ́rù? Ó wá ń wá igi kiri? Níbí ni mo ti ń kà á fún wọn, Tíṣà, ní Inísà níbí. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní irú ìwé wo lèyí?"

"Ìlú Aláìlójìji ni, kì í ṣe Inísà."

"Kò lójìji, mo gbà. Ṣé kò wá ní ọmọlúàbí ni? Ẹyọ kan náà ni mo fi síbẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo ìlú ni."

Àtọ́kẹ́ wá kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni obìnrin náà wá ṣe?"

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí Láwọyin ò dé."

Bàbá yọ gègé kúrò nínú irun, ó fi ha àgbọ̀n. "Mo fi síbẹ̀ kó gba ẹṣin. Ó gba ẹṣin. Mi ò rò ó kọjá ibẹ̀, ọmọ mi. Mo rò pé Tíṣà á rántí rẹ̀."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ rántí ẹni tí mi ò mọ̀?" ni Tíṣà wí.

"Ìwé kan ṣoṣo ni mo dá padà fún yín, tiyín ni. Òótọ́ ni. Ẹ ò lè mọ̀."

Àtọ́kẹ́ ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin méjèèjì kò mọ̀," ló wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rin ìrìn wákàtí mẹ́ta dé ìdí kànga, tó ju okùn sílẹ̀, tó sì gbọ́ pé ilẹ̀ gbígbẹ ló dún. Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Bàbá ló rí ojú rẹ̀, ó ní kó dìde, kó jókòó sórí àga àwọn tó ń wá kọ lẹ́tà, kó sọ ohun tó gbé e kúrò ní Ìkìrun, torí pé ẹṣin nìkan kò lè gbé e dé ibẹ̀.

Àtọ́kẹ́ sọ ọ́. Ó sọ ti Titus, ti kẹ̀kẹ́, ti Kùmásì, ti Sátidé tó ń bọ̀. Bàbá kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, bàbá ní, "Ogójì ọdún ni mo ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn ará ìdálẹ̀. Bí ìjà bá wà nínú lẹ́tà mẹ́wàá, mẹ́jọ á jẹ́ ti ohun tí wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan. Kí n tó ki gègé bọ yíǹkì, mo máa ń bi wọ́n: kí ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ gan-an? Má sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Sọ ohun tó bọ́ sí ọ lọ́wọ́."

"Kẹ̀kẹ́, sà."

"Àti kí ni?"

Àtọ́kẹ́ ronú. "Páńpù."

"Kẹ̀kẹ́ kan, páńpù kan. Kí ló ní kí o ṣe sí wọn?"

"Ó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀."

"O tọ́jú ẹ̀?"

"Gbogbo Sátidé."

"Ǹjẹ́ ó tún gbé nǹkan mìíràn lé ọ lọ́wọ́?"

Ọkọ̀ kan kọjá, eruku bò wá, Àtọ́kẹ́ fọwọ́ gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó wá ní, "Rárá, sà. Ó tán."

"Bí olóhun ò bá sí nílé, ta là ń dá ohun rẹ̀ padà fún?"

"Àwọn èèyàn rẹ̀."

"Lójú ta ni?"

"Lójú ẹlẹ́rìí."

"Ẹ̀yin aránṣọ náà kúkú mọ̀ ọ́n," ni bàbá wí, ó sì ń wá ìdérí ìgò yíǹkì rẹ̀.

Tíṣà ti tẹ̀ síwájú lórí àga. "Bàbá, ṣé ohun tí obìnrin inú ìwé yẹn náà ṣe nìyẹn? Ṣé ó mú ẹṣin lọ sílé àwọn Láwọyin?"

"Mo ní mi ò mọ̀," ni Ògúnrìndé wí. "Ilé Láwọyin jìnnà. Ó lè ṣì wà lójú ọ̀nà."

Ọjọ́bọ̀ ni Àtọ́kẹ́ ti kẹ̀kẹ́ náà jáde, ó ní ilé àwọn Titus ni òun ń lọ. Ó nù ún títí a fi lè rí ojú wa lára rẹ̀. Èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀dé ni ẹlẹ́rìí. A ti bẹ Ìyá Bọ́sẹ̀dé kó má sọ̀rọ̀, ó sì gbìyànjú, ó sọ díẹ̀ péré lójú ọ̀nà, fún àwọn tó ń bèèrè pé ṣé Àtọ́kẹ́ fẹ́ kọ́ kẹ̀kẹ́ ni. "Kẹ̀kẹ́ ló fẹ́ kọ́ ọ," ló ń dá wọn lóhùn. Kò yé wọn. Kò yé èmi náà.

Ìyá Titus wà lójúde, ó ń jọ èlùbọ́. Bó ṣe gbójú sókè tó rí kẹ̀kẹ́ náà, ajọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde. Kò wo Àtọ́kẹ́, ẹ̀yìn wa ló ń wò, ó ń wo ọ̀nà.

"Titus ti dé ni?" ló wí.

Mi ò tíì gbàgbé ohùn yẹn. Nígbà tí a rò pé à ń dá ohun olóhun padà, kò sí ẹni tó rántí pé ìyá yìí mọ kẹ̀kẹ́ náà.

Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀, ó di kẹ̀kẹ́ mú pẹ̀lú ọwọ́ kan kó má baà ṣubú. "Kò tíì dé, mà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo mú wá. Ó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀. Mo ní kí ẹ bá a gbà á."

Ìyá Titus padà jókòó. Ó fọwọ́ wá ajọ̀, kò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Mo ti gbọ́ nípa ti káfíńtà," ló wí. "Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba kẹ̀kẹ́. Bí mo bá gbà á, mo ti gbà pé kò bọ̀ mọ́ nìyẹn."

"Kì í ṣe pé ẹ gbà bẹ́ẹ̀, mà. Èmi náà ò gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá dé lọ́la, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni yóò bèèrè, ilé yín ni yóò kọ́kọ́ wọ̀."

"Bó bá bèèrè rẹ ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún un pé kò fi mí pamọ́ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, mà."

Ìyá Bọ́sẹ̀dé wú ikọ́. Mo fọwọ́ kàn án.

Ìyá náà dìde lẹ́ẹ̀kejì. Ó rìn yí kẹ̀kẹ́ náà ká, ó fọwọ́ tẹ táyà iwájú, ó tẹ ti ẹ̀yìn. Ó fi ìka kan ṣéènì, ó wo òróró tó wà lórí ìka rẹ̀.

"Ọdún méje," ló wí.

"Gbogbo Sátidé, mà."

"Èmi tí mo bí i, ǹ bá ti jẹ́ kó dípẹtà." Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Àtọ́kẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú, ó ń fì síbí, ó ń fì sọ́hùn-ún. Àtọ́kẹ́ dìde, ó fi bí wọ́n ṣe ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ hàn án, ó fi ibi tí òróró ń wọ̀ hàn án, ó ní kó má jẹ́ kí òjò kàn án. Àwọn méjèèjì tì í wọ yàrá. A gbọ́ tí wọ́n ń sún àpótí. Nígbà tí wọ́n jáde, Ìyá Titus bu èlùbọ́ fún wa sínú ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó wá bá ni ṣe nǹkan.

Mo kúrò ní Ìkìrun ní 1961, mo tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Jọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ nínú lẹ́tà pé Tíṣà Oyèlárán kọ ìwé kẹjọ, pé Láwọyin kò sí nínú rẹ̀ rárá, obìnrin kan àti ẹṣin kan ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní ó fún un lórúkọ. Mi ò rí ìwé náà kà. Mo bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀ tó ń ti ilé bọ̀, wọn kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ó ń dùn mí, ẹ má rò pé kò dùn mí. Mo ti dàgbà jù fún irú nǹkan báyìí, síbẹ̀ mo ṣì ń ro orúkọ tó fún un.

Ṣùgbọ́n ti Sátidé tí àwọn ènìyàn Adépọ̀jù ní àwọn ń bọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ kí n tó gbé gègé sílẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ láàárọ̀, ọ̀nà Eko-Ende di ẹrẹ̀, ẹnu àwọn kan sì ti ń sọ pé wọn kò ní lè wá mọ́. Àtọ́kẹ́ wà nínú yàrá, ó ti wọ aṣọ, kò sọ ohun tó fẹ́ wí fún mi, èmi náà kò sì bi í. Ó kàn ń yọjú lójú fèrèsé.

Bí aago mẹ́rin ṣe ń lù ni wọ́n dé, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn. Adépọ̀jù kò gbọ́dọ̀ bá wọn wọlé, bí àṣà wa ṣe rí, ó dúró lábẹ́ igi lódìkejì ọ̀nà, ó ń fi igi ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà àwọn àgbà tó bá a wá. Wọ́n pe Àtọ́kẹ́. Bàbá rẹ̀ ní, "Àwọn àlejò yìí ní òdòdó kan wà lọ́gbà wa tó wù wọ́n. Kí la fẹ́ sọ fún wọn?"

Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀. "Sà," ló wí, "ọjọ́ wo ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀?"

"Òní ni."

"Wọ́n sì dé."

"Wọ́n dé, o rí wọn."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní kí ẹni tó wà lábẹ́ igi yẹn wọlé, sà," ni Àtọ́kẹ́ wí. "Òjò tún ń bọ̀."